Ọ́ìlì tó ń jò lẹ́yìn sáfíìsì ní Accra: ẹni tó tú nọ́ọ̀tì ló yẹ kó padà wá dè é

Bí ọkọ̀ kan ò bá jo ọ́ìlì lánàá, tí wọ́n wá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lónìí, tí ilẹ̀ ibi tí wọ́n gbé e sí sì dúdú lówùúrọ̀ ọ̀la, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá ohun tó fà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tó ṣiṣẹ́ náà ló ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní Accra, gẹ́gẹ́ bíi ti Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnu, ohun tí onímọ́tò sábà máa ń gbọ́ tó bá padà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni pé ọkọ̀ náà ti gbó, pé ọ́ìlì tuntun ṣì ń wá àyè rẹ̀ ni, pé kó máa lò ó ná, yóò dúró fúnra rẹ̀.

Kì í sábà dúró.

Ẹni tó bá mọ Accra mọ Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó lókìkí jù lọ ní Ghana. Ó ṣeé ṣe kó mọ Kokompe pẹ̀lú, níbi tí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ti fara kan ara wọn. Fitter ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì níbẹ̀, ọmọ Yorùbá tó bá sì ń gbé ìlú náà kì í pẹ́ kó tó kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, torí ọwọ́ fitter ni taksí àti trotro tó ń gbé e kiri wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn nígboro ni wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù tàbí ní Kòríà kí wọ́n tó kó wọn gba èbúté Tema wọlé. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára wọn, agbára káká ni èyí tó wọ́pọ̀ ju pípààrọ̀ ọ́ìlì lọ fi wà. Òun náà ni iṣẹ́ tí ọ̀gá máa ń gbé fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí gbogbo èèyàn gbà pé kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wáṣà àti rọ́bà

Ohun méjì ni wọ́n máa ń tú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì: nọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnì, èyí tí ọ́ìlì àtijọ́ ń gbà jáde, àti fílítà. Tí ọ́ìlì bá ń jò lẹ́yìn náà, ibi méjèèjì yìí ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ.

Nọ́ọ̀tì náà ní wáṣà kan lọ́rùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bàbà tàbí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọ̀ ni, kí ó lè tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń de nọ́ọ̀tì, kó sì dí gbogbo àlàfo tó bá wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Tí wọ́n bá dá èyí tó ti tẹ̀ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti le, ojú rẹ̀ ti há, ọ́ìlì yóò sì máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Wáṣà tuntun kò wọ́n. Nínú owó tí wọ́n ná lórí sáfíìsì, òun ló kéré jù, òun náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò nínú ìṣirò.

Ohun tí mẹkáníìkì tí kò ní wáṣà tuntun lọ́wọ́ máa ń ṣe ni pé yóò de nọ́ọ̀tì náà jù bó ṣe yẹ lọ. Yóò ki páìpù bọ ìdí sùpánà kó lè gùn sí i, yóò wá fi gbogbo ara tì í. Àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́ọ̀mpù, alumíníọ̀mù ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bẹ́ẹ̀ irin líle ni nọ́ọ̀tì. Nígbà tí méjèèjì bá ń jà, irin ló máa ń borí. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú sọ́ọ̀mpù yóò jẹ, nọ́ọ̀tì yóò máa yí láì mú mọ́, ohun tó yẹ kó jẹ́ owó wáṣà yóò wá di owó sọ́ọ̀mpù.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún agbára apá. Wọ́n kọ iye agbára tó yẹ kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì náà sínú ìwé. Fún ẹ́ńjìnì lítà 1.8 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tó ń rìn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bíi 37 Newton-mítà ni. Ìyẹn dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹrù kílò 15 kọ́ ìdí sùpánà tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 25, kó tó bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ iṣẹ́ tó lágbára, tó tún ki páìpù bọ sùpánà, lè ṣe ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ láì mọ̀ pé òun ti ba nǹkan jẹ́. Sùpánà tó ń sọ fún èèyàn pé ó tó wà lọ́jà Abossey Okai, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ilé iṣẹ́ ló ní in, àwọn tó ní in pàápàá, orí tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnì ni wọ́n máa ń fi sí. Wọn kì í kà nọ́ọ̀tì ọ́ìlì sí.

Ti fílítà léwu ju èyí lọ. Òrùka rọ́bà kan wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tú fílítà àtijọ́, rọ́bà náà lè lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì kó má bá fílítà jáde. Tí ẹni tó ń ṣe é kò bá wò ó, tí kò fi ọwọ́ tọ́ ibẹ̀, tó sì yí tuntun lé e lórí, rọ́bà ti di méjì nìyẹn. Ó lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Bí awakọ̀ bá ti dé títì tó tẹ ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀, tí agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri sì gòkè, rọ́bà kan yóò yọ̀ kúrò láyè rẹ̀, ọ́ìlì yóò sì máa tú jáde wìì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kán-kán-ẹ̀kán mọ́. Gbogbo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì lè wà lójú títì kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nǹkan mìíràn ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń de irú fílítà yìí. Wọ́n á fi ọ́ìlì pa rọ́bà rẹ̀, wọ́n á yí i títí tí rọ́bà yóò fi kan ara ẹ́ńjìnì, wọ́n á wá fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbìrípo kan kún un. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ dè é lè fún rọ́bà náà pa. Ẹni tí kò bá dè é tó, yóò tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ti ń gbọ̀n. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí fílítà tiwọn jẹ́ pépà tó wà nínú ìdérí ike. Òrùka rọ́bà tinrín tó wà lára ìdérí yẹn ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i. Inú páálí fílítà tuntun ni rọ́bà náà sábà máa ń wà. Ẹni tó bá wo ilẹ̀ ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì dáadáa yóò rí i nínú páálí níbi tí wọ́n jù ú sí, kò sẹ́ni tó mú un jáde.

Ọ̀rọ̀ gálọ́ọ̀nù tún wà ńbẹ̀. Lítà mẹ́rin ni wọ́n ń rọ sínú ike ọ́ìlì tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Ẹ́ńjìnì Corolla tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń gba nǹkan bíi lítà 4.2 tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké tó wà nínú ọ̀pọ̀ taksí Accra kò gbà tó lítà mẹ́rin. Oníbàárà ti ra gálọ́ọ̀nù kan, kò fẹ́ kó ṣẹ́kù, mẹkáníìkì náà á wá da gbogbo rẹ̀ sí i. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń mú kí agbára inú ẹ́ńjìnì pọ̀ sí i, á sì máa ti ọ́ìlì gba ẹnu rọ́bà tó ti gbó jáde. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Géèjì ọ́ìlì wà níbẹ̀ fún ìdí yìí, àmì méjì ló wà lára rẹ̀, àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà.

Kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi

Ó yẹ kí wọ́n ṣe òdodo sí mẹkáníìkì náà. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì tó bá kán sílẹ̀ lẹ́yìn sáfíìsì ló jẹ́ pé ó ń jò. Nígbà tí wọ́n bá ń tú fílítà, ọ́ìlì díẹ̀ máa ń dà sórí irin tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì àti sínú ike tó bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tí wọn kò bá nù ún, yóò máa kán fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò wá dáwọ́ dúró. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé rọ́bà tàbí gáásìkẹ́ẹ̀tì wọn ti ń jò tipẹ́, tí onímọ́tò kò sì mọ̀ torí pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n rọ tuntun, ó kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀ kò gba owó. Kí wọ́n fi àkísà nu ìdí ẹ́ńjìnì, nọ́ọ̀tì àti ara fílítà títí yóò fi gbẹ. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n tẹ́ páálí ńlá kan sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n pa á, kí wọ́n wá wo páálí náà lẹ́yìn wákàtí kan àti lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ibi tí ẹ̀kán náà bá bọ́ sí lórí páálí yóò fi ibi tó ti wá hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn lè ti gbé ọ́ìlì sẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn. Kí wọ́n sì wo géèjì. Tí ọ́ìlì kò bá lọ sílẹ̀ lórí géèjì láàárín ọjọ́ méjì, tí páálí sì mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Tí ó bá ń lọ sílẹ̀, ó ń jò, kí wọ́n má tún jiyàn mọ́.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ìṣirò lásán ti tó láti dá wọn lóhùn. Tí èèyàn bá ka ẹ̀kán 20 sí mílílítà kan, ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ mílílítà 180 ní wákàtí kan. Ọ́ìlì lítà mẹ́rin yóò tán láàárín nǹkan bíi wákàtí 22 tí ẹ́ńjìnì bá fi ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ taksí tàbí ti Uber tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 11 lójúmọ́ yóò lo ọ̀pọ̀ jù nínú ọ́ìlì rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní dúró dìgbà tí ọ́ìlì bá tán pátá kó tó bàjẹ́.

Èyí tó burú jù ni iná pupa tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí àwòrán rẹ̀ dà bíi kẹ́tù kékeré tó ń kán. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé ńṣe ló ń sọ fún wọn pé ọ́ìlì ti ń dín kù, kí wọ́n wá àyè ra díẹ̀ kún un tí wọ́n bá délé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí iná yẹn ń sọ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì lọ sára irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì ti lọ. Irin àti irin ti ń fi ara kan ara wọn nìyẹn. Wàràwàrà là ń yọ oró iná: kí awakọ̀ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, kó má sì tún ṣí i mọ́, bó ti wù kí ilé mẹkáníìkì sún mọ́ tó. Owó tí yóò fi pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ kò tó owó ẹ́ńjìnì. Tó bá tún rí èéfín tàbí tó gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó ń jóná, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì ti máa kán sórí sálẹ́ńsà tó gbóná, ìyẹn sì lè fa iná.

Ta ni yóò san án?

Ní Ghana, ọ̀pọ̀ awakọ̀ taksí àti àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé èrò ló ń wa ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Work and pay ni wọ́n ń pè é: awakọ̀ yóò máa san iye kan fún ẹni tó ra ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún mélòó kan, ọkọ̀ yóò di tirẹ̀. Ìbátan háyà pọ́ọ́ṣéèsì tí wọ́n mọ̀ ní Èkó ni. Tí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì nítorí wáṣà, gbèsè kò nọ́ọ̀kì pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ fi wà lórí jáàkì, owó tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ awakọ̀ kò yí padà. Ẹ́ńjìnì àlòkù yóò jáde ní Abossey Okai, wọ́n á gbé e wọlé, mẹkáníìkì kan náà tí kò pààrọ̀ wáṣà ló sì ṣeé ṣe kó gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀.

Èyí kò dára. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì, tí ọ́ìlì wá ń jò níbẹ̀, òun ló yẹ kó padà wá dè é, láì gba kọ́bọ̀, kó sì san owó ọ́ìlì tó ṣòfò. Kò yẹ kó jẹ́ ojú rere. Iṣẹ́ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ni, kò tíì parí ni. Ní Nàìjíríà, òfin FCCPA ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó dára, ó sì lè béèrè pé kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe tàbí kó dá owó padà. Ghana ní Òfin Títa Ọjà ti ọdún 1962, Act 137, èyí tó lè gba ẹni tí wọ́n ta fílítà tó lábùkù fún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé mẹkáníìkì lọ sí kóòtù lórí wáṣà? Àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì nídìí ọkọ̀, kí wọ́n tó fi jáàkì gbé e, ló máa ń ṣiṣẹ́.

Oníbàárà náà ní tirẹ̀ nínú ẹ̀bi. Òun ló ń dún mọ́ ọmọ iṣẹ́ létí pé kó tètè ṣe é, èrò ń dúró dè é. Òun ló ń ná owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí tí kò fi ku nǹkan tí wọ́n á fi ra wáṣà. Òun ló ra fílítà tó pọ́ọ́kú jù láì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó bá ẹ́ńjìnì rẹ̀ mu, tó wá ń bínú nígbà tí rọ́bà rẹ̀ kò jókòó. Tí wọ́n bá sì sọ fún un pé kó dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀, ó ti wọkọ̀ lọ. Kí mẹkáníìkì tó ní sùúrù, tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tó lè rí oníbàárà tó ní sùúrù, ó le díẹ̀ ní Kokompe.

Ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn kan máa ń gbà kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kun ara nọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá wọnú lè já bọ́ sínú sọ́ọ̀mpù kó lọ dí ojú sẹ́ẹ̀fù tí ọ́ìlì ń gbà. Wọ́n á da oògùn tó ń dá ọ́ìlì dúró sí i, oògùn tó jẹ́ pé rọ́bà tó ti le ló wà fún, kò mọ wáṣà bàbà. Tàbí wọ́n á ní kó lọ ra 20W-50 tó nípọn, pé ìyẹn kò ní tètè jò. Ìyẹn lè dín ẹ̀kán kù lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún 5W-30 yóò máa tiraka ní òwúrọ̀ kí ọ́ìlì tó nípọn náà tó dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo ojú egbò náà ni, wọn kò wò ó.

Ẹ̀kọ́ wà, ṣùgbọ́n kò dé ìdí nọ́ọ̀tì

Kì í ṣe pé Ghana kò mọ ìwúlò ẹ̀kọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1980, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Kumasi, tí wọ́n ń pè ní KNUST lónìí, gbé ibùdó kan kalẹ̀ ní Suame Magazine, ìlú mẹkáníìkì tó wà ní Kumasi, kí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ibùdó yẹn ló bí ètò GRATIS tó gbé irú rẹ̀ lọ sí ẹkùn mìíràn. Láti ìgbà náà, ìjọba ti dá àjọ sílẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìwé ẹ̀rí sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ní Accra ti ń kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá bá ń ṣe ni wọ́n á máa ṣe. Tí ọ̀gá bá ń dá wáṣà àtijọ́ padà, ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá ni yóò máa dá a padà ní ilé iṣẹ́ tiwọn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ tó máa yí èyí padà kò tó ìdajì wákàtí: wáṣà tuntun, nu ẹnu fílítà, fọwọ́ tọ́ ọ wò, ka òbìrípo, wo géèjì. Àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lè fi sínú ìpàdé oṣù kan ṣoṣo.

Ohun tó bá sì ti kán sílẹ̀ kò dúró síbi tó kán sí. Òjò Accra ń gbé e wọ gọ́tà, gọ́tà ń gbé e lọ sínú odò Odaw, Odaw ń ṣàn wọnú ọ̀sà Korle, ọ̀sà náà sì ṣí sí òkun. Àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ti sọ tipẹ́ pé ọ́ìlì tí wọ́n bá dà nù lẹ́yìn sáfíìsì kan ṣoṣo lè ba omi tó mọ́ tó mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù kan jẹ́. Àdéhùn Basel ti ọdún 1989 lórí ìdọ̀tí olóró ka ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ḿ mọ́ ohun tó ń mójú tó, Ghana sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìdọ̀tí olóró àti ti ẹ̀rọ ayárabíàṣá ní ọdún 2016, Act 917. Ní ọdún 2019, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ètò tí wọ́n ń pè ní GARID, tí gbígbẹ́ ẹrẹ̀ inú Odaw wà lára iṣẹ́ rẹ̀ kí ìlú má baà máa kún fún omi. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fi owó yẹn gbẹ́, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Accra kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn pé ohun tó bá léfòó lórí omi gọ́tà lè ṣekú pani. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2015, epo tó jáde nílé epo kan ní Kwame Nkrumah Circle bá omíyalé lọ, iná sọ, ó lé ní àádọ́jọ èèyàn tó kú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kì í gbiná bíi bẹntiróò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ojú títì tí ọ́ìlì bá ti kán sí, tí òjò àkọ́kọ́ wá rọ̀ lé lórí, máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ lásán gba ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ḿ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún náà ń ko ohun tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara sára, ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò sì wọ́n.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, kí ó tó di pé òfin kankan fi ipá mú wọn. Wọ́n ní dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ḿ sí, àwọn tó ń rà á máa ń wá gbé e. Wọ́n ń fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín láti ara nọ́ọ̀tì dé ara sọ́ọ̀mpù, tó fi jẹ́ pé tí nọ́ọ̀tì bá yí díẹ̀, ìlà náà á ti yà, ojú á rí i. Wọ́n ń ṣí ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, ọ̀gá á sì fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Iye kìlómítà tí wọ́n ṣe é àti irú ọ́ìlì tí wọ́n lò wà nínú pépà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Oníbàárà tó bá rí irú ibẹ̀ yẹ kó san owó iṣẹ́ tí wọ́n bá pè láì ná an jù, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀gá fi wà lábẹ́ ọkọ̀ wà nínú owó náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń rìnrìn àjò ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti Èkó dé Accra lé ní irínwó kìlómítà, ààlà mẹ́ta ló sì wà lójú ọ̀nà náà: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao. Àṣà àwọn kan ni pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń lọ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ọkọ̀ lè jẹ́ tuntun fún ọ̀nà. Ìyẹn ni pé tí wáṣà tàbí rọ́bà bá kọ̀ láti jókòó, inú ìlú tí wọn kò mọ mẹkáníìkì kankan, láàárín Ouidah àti Aného, ni yóò ti hàn sí wọn, pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù nínú ọkọ̀. Kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, kí wọ́n fi ọkọ̀ náà lọ sọ́jà àti síbi iṣẹ́, kí wọ́n máa wo géèjì àti páálí ní àràárọ̀. Tí ó bá ń jò, mẹkáníìkì tó tú nọ́ọ̀tì náà ṣì wà ní àdúgbò, wọ́n mọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ padà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.